Ẹ̀jẹ̀ Tí Ń Lọ Sọ́dọ̀ Ọmọ Inú Oyún

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àpapọ̀ ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa ní Ìlọrin)

  

Ìgbìmọ̀ ní kí a wá sọ̀rọ̀ lórí ọmọ tí kò dàgbà tó bí ó ti yẹ nínú ìyá rẹ̀, àti lórí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan máa wí nínú ọkàn wọn pé kí ni ọ̀rọ̀ ọlẹ̀ ń wá níbi tí a ti ń jíròrò lórí ọ̀nà, omi àti ilé-ẹ̀kọ́. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Àwọn ará wa tí ń bẹ ní òkè òkun ti mú èrò kan wá síwájú ẹgbẹ́ pé àwọn fẹ́ dáwó ra ẹ̀rọ ńlá tí a fi ń wo inú aboyún. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n kí a tó ná owó náà, ó tọ́ kí a mọ ohun tí ẹ̀rọ náà ń wò, kí a mọ èyí tí ó lè ṣe àti èyí tí kò lè ṣe, kí a sì mọ ohun tí ó yẹ kí ó ṣáájú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya ọmọ kékeré mẹ́ta sọ́tọ̀. Ọ̀kan kéré nítorí pé bàbá àti ìyá rẹ̀ kò sígbọnlẹ̀. Ìrísí ìdílé ni, kò sí ewu níbẹ̀. Èkejì kéré nítorí pé a bí i kí oṣù rẹ̀ tó pé. Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ wa dá lé: oṣù rẹ̀ lè pé, ìdílé rẹ̀ sì lè jẹ́ ìdílé àwọn géńdé, ṣùgbọ́n kò rí oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ tó nínú ìyá rẹ̀, nítorí náà ó dúró lójú kan. Ọmọ tí kò tó kìlógíráàmù 2.5 nígbà tí a bí i ni àwọn oníṣègùn ń kà sí ọmọ tí kò tẹ̀wọ̀n. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí lè wọ̀n bákan náà, òṣùwọ̀n kò sì lè sọ èwo ni èwo fún wa, àfi kí a wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn lọ sọ́dọ̀ ọmọ náà nígbà tí ó wà nínú.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ìyá wa, pé ọmọ kékeré rọrùn láti bí. Nítorí èyí, a rí aboyún tí ń dín oúnjẹ kù nígbà tí oyún rẹ̀ bá wọ oṣù keje, a sì rí àgbàlagbà tí ń gbà á nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. A kò dá àwọn ìyá wa lẹ́bi. Ní ìgbà tí kò sí iṣẹ́ abẹ nítòsí, ọmọ ńlá tí kò lè jáde a máa pa ara rẹ̀ àti ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ebi ti pa nínú oyún kò rọrùn láti bí láàyè. Ní gbogbo ìgbà tí ilé-ọmọ bá sún kì nígbà ìrọbí, ẹ̀jẹ̀ tí ń wọ olóbi a dín kù fún ìgbà díẹ̀. Ọmọ tí ó jẹun yó ní ìpamọ́ tí yóò fi fara dà á. Èyí tí kò jẹun yó kò ní ìpamọ́ kankan, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ irú wọn fi ń kú ní ẹnu ọ̀nà.

Àwọn baba wa ka olóbi sí púpọ̀. Wọn kì í sọ ọ́ nù bí ìdọ̀tí; wọ́n á rì í mọ́lẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Wọ́n jàre. Olóbi ni ọjà tí ìyá àti ọmọ ń ná láìfojú kan ara wọn. Ẹ̀jẹ̀ ìyá wá láti apá kan, ẹ̀jẹ̀ ọmọ wá láti apá kejì; awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà láàárín, kò sì yẹ kí ẹ̀jẹ̀ méjèèjì dàpọ̀. Nípasẹ̀ awọ yìí ni afẹ́fẹ́, ṣúgà àti èròjà oúnjẹ gbà ń kọjá sọ́dọ̀ ọmọ, ibẹ̀ náà ni ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ gbà ń padà sọ́dọ̀ ìyá. Nínú ìwọ́ ọmọ, iṣan mẹ́ta ni ó wà: ọ̀kan ń gbé ẹ̀jẹ̀ tí ó mọ́ lọ sọ́dọ̀ ọmọ, méjì ń gbé èyí tí ọmọ ti lò padà wá sí olóbi.

Nígbà tí oyún bá ti gbó, ẹ̀jẹ̀ ìyá tí ń wọ ilé-ọmọ láàárín ìṣẹ́jú kan ṣoṣo tó omi inú ọ̀rá kan tí a ń rà lójú pópó, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ: láti mìlílítà 500 dé 700. Kí èyí tó lè ṣeé ṣe, iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ilé-ọmọ, tí ó há tí ó sì lọ́ bí okùn tẹ́lẹ̀, gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu ní ìdajì àkọ́kọ́ oyún. Olóbi fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà: ó ń rán àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ wọ inú ògiri àwọn iṣan wọ̀nyí lọ láti tú wọn. Bí iṣẹ́ náà bá kùnà, ìyá kò ní mọ nǹkan kan lára ní àsìkò náà. Ó lè di oṣù kẹfà tàbí ìkeje kí ẹ̀jẹ̀ ríru tó yọjú, kí ojú àti ọwọ́ tó wú, kí ọmọ tó dẹ́kun dídàgbà.

Lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, ibà tún wà. Kòkòrò ibà tí ẹ̀fọn ń gbé kiri ní ọgbọ́n búburú kan. Nígbà tí ó bá wọ ara aboyún, hóró ẹ̀jẹ̀ pupa tí ó ti kó sínú wọn a máa lẹ̀ mọ́ inú olóbi, wọn a sì kóra jọ síbẹ̀. Ní ọdún 1996 ni Michal Fried àti Patrick Duffy, tí wọ́n yẹ olóbi àwọn obìnrin wò ní Kẹ́ńyà, kọ ọ́ jáde bí wọ́n ti ń lẹ̀ mọ́ ọn. Nítorí náà ara aboyún lè má gbóná, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí a gbà ní orí ìka rẹ̀ lè sọ pé kò sí ibà, kí olóbi rẹ̀ sì kún fún kòkòrò. Aboyún àkọ́bí ni ó ń ṣe ní jàm̀bá jù, nítorí pé ara rẹ̀ kò tíì pàdé irú kòkòrò tí ń fẹ́ olóbi yìí rí. Ẹni tí ó ti bímọ rí ti ní ọmọ ogun díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ibà kan náà a tún máa run ẹ̀jẹ̀ ìyá títí tí èyí tí ó kù yóò fi ṣàn bí omi, tí afẹ́fẹ́ tí ó ń gbé dé olóbi kò ní tó nǹkan. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde náà ń dá kún un: hóró ẹ̀jẹ̀ tí ó tẹ̀ bí dòjé a máa dí àwọn iṣan kéékèèké inú olóbi pa.

Kí ni ọmọ ń ṣe nígbà tí èyí bá dé bá a? Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé Ìlọrin ní ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀, nígbà tí ẹ̀rọ omi kò yọ tí omi inú àmù sì kù díẹ̀, ẹ mọ bí ìyálé ilé ti ń ṣe é. Omi mímu àti omi ìdáná ni yóò kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀. Aṣọ fífọ̀ yóò dúró, ilé nínù yóò dúró. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọmọ inú oyún ń ṣe. Iṣan tí ń lọ sí ọpọlọ rẹ̀ àti sí ọkàn rẹ̀ yóò ṣí sí i. Àwọn tí ń lọ sí ìfun, kíndìnrín, ẹsẹ̀ àti awọ ara yóò sún kì. Ẹ̀jẹ̀ tí ó yẹ kí ó gba inú ẹ̀dọ̀ kọjá yóò gba ọ̀nà àbùjá lọ sí ọkàn. Ibẹ̀ ni àwọn àmì tí agbẹ̀bí ń rí ti ń wá. Orí ọmọ tóbi ju ikùn rẹ̀ lọ nítorí pé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti rù. Omi tí ó yí i ká ń dín kù, nítorí pé ìtọ̀ ọmọ ni ó pọ̀ jù nínú omi náà, kíndìnrín rẹ̀ kò sì rí ẹ̀jẹ̀ tó láti fi ṣiṣẹ́. Ọlẹ̀ kò sì sọ mọ́ bí ó ti ń sọ tẹ́lẹ̀, nítorí pé ó ń fi agbára pamọ́. Ó máa ń dùn wá púpọ̀ nígbà tí a bá gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún aboyún pé ọmọ tí kò sọ mọ́ ń sinmi de ìrọbí ni.

A dé orí ẹ̀jẹ̀ ọmọ fúnra rẹ̀. Fún ìgbà pípẹ́ kò sí ẹni tí ó lè yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí a kò tíì bí wò dáadáa, àfi nígbà tí àwọn dókítà kọ́ bí a ti ń fi abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ gba díẹ̀ láti inú ìwọ́, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ sikáànù wo ọ̀nà. Ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn King's College ní Lọ́ńdọ̀nù, èyí tí àwọn ọmọ wa tí ń gbé ní Peckham àti Camberwell mọ ilé ìwòsàn rẹ̀ dáadáa, Peter Soothill, Kypros Nicolaides àti Stuart Campbell yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tí kò dàgbà báyìí wò, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1987. Afẹ́fẹ́ ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ wọn kéré. Ẹ̀jẹ̀ náà ti ń kan, nítorí pé ara tí kò rí afẹ́fẹ́ fi sun oúnjẹ a máa sun ún lábọ̀, a sì fi oje kíkan sílẹ̀. Ṣúgà wọn lọ sílẹ̀. Hóró pupa tí kò tíì gbó, tí kò yẹ kí ó tíì kúrò níbi tí a ti ń ṣe é, pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, bí ìgbà tí ogun dé tí ìlú kó àwọn ọmọdé jáde lọ sójú ìjà.

Èyí tí ó yani lẹ́nu jù ni pé ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣàn bí omi bí ti ìyá rẹ̀. Ṣe ni ó máa ń ki. Ara tí kò rí afẹ́fẹ́ tó ń ṣe hóró pupa kún hóró pupa, kí ó lè fi ọwọ́ púpọ̀ kó ìwọ̀nba tí ó wà. Bí hóró náà ti ń pọ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń ki, bí ó sì ti ń ki ni kò lè sáré nínú àwọn iṣan kéékèèké mọ́, tí ọ̀ràn náà fi ń burú sí i. Níbi kan náà tí a ti ń ṣe hóró pupa tọ̀sán-tòru yìí, hóró funfun tí ń bá àrùn jà àti àwọn tí ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì kì í rí àyè. Iye wọn a dín kù. Nítorí náà, nígbà tí a bá bí ọmọ kékeré tí ó pọ́n rokoṣo, tí àwọn ará ilé ń dúpẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ń bẹ lára rẹ̀, ó yẹ kí agbẹ̀bí yára yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ìpín hóró pupa bá kọjá 65 nínú 100, ẹ̀jẹ̀ náà ti ki jù. Ọmọ báyìí a máa yára tutù nítorí pé kò lọ́ràá lára. Ṣúgà rẹ̀ lè já lulẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ mu ọyàn láàárín wákàtí àkọ́kọ́. Ibà pọ́njú lè mú un bí ọjọ́ mélòó kan bá kọjá, nígbà tí àpọ̀jù hóró pupa náà bá ń bàjẹ́. Bí a kò bá sì mọ ohun tí a ń ṣọ́, ó lè lọ kí ọjọ́ kẹjọ tí a ó sọ ọ́ lórúkọ tó pé.

Nígbà àtijọ́, bí ọmọ bá lọ báyìí, tí èyí tí ó tẹ̀ lé e tún lọ, àbíkú ni wọ́n ń pè é. A kò sọ pé gbogbo àbíkú ni èyí. Fòníkú-fọ̀ladìde àti ibà ọmọdé ni ó pa púpọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ìyá tí olóbi rẹ̀ ti kùnà lẹ́ẹ̀kan, ewu ń bẹ pé kí ó kùnà nínú oyún tí ó tẹ̀ lé e, èyí sì ni ó fi lè dà bí ẹni pé ọmọ kan náà ni ó ń padà wá. Irú ìyá bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ dókítà nínú gbogbo aboyún, ó sì sábà máa ń jẹ́ òun ni ó ń fi oyún pamọ́ jù nítorí ẹ̀rù ayé.

Abẹ́rẹ́ inú ìwọ́ ní ewu tirẹ̀, a kì í fi í wá irú ìṣòro yìí kiri lára àwọn aboyún. Ìró ni a ń lò báyìí. Christian Doppler, ará Austria, ni ó ṣàlàyé ìlànà rẹ̀ ní ọdún 1842: òun náà ni ó mú kí fèrè tírélà ní ọ̀nà Jẹ́bà dún tẹ́ẹ́rẹ́ bí ó ti ń bọ̀, tí ó sì wúwo nígbà tí ó bá ti kọjá wa. Ian Donald àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Glasgow fi ìró ya àwòrán inú aboyún, wọ́n sì kọ ọ́ jáde ní ọdún 1958. Ní ọdún 1977 ni FitzGerald àti Drumm ní Dublin fi ìlànà Doppler tẹ́tí sí ẹ̀jẹ̀ inú ìwọ́ ọmọ. Nígbà tí ọkàn ọmọ bá lù, ẹ̀jẹ̀ a sáré lọ sí olóbi. Nígbà tí ọkàn bá sinmi, ó yẹ kí ẹ̀jẹ̀ ṣì máa lọ díẹ̀díẹ̀. Bí olóbi bá ti ń dí, ìlọ díẹ̀díẹ̀ yìí a kọ́kọ́ dín kù, lẹ́yìn náà a dúró, níkẹyìn ẹ̀jẹ̀ a máa yí padà sọ́dọ̀ ọmọ. Dókítà tí ó bá rí èyí tí ó kẹ́yìn yìí mọ̀ pé ọ̀ràn náà kò gba ìdúró.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó yé wa pé rírí kì í ṣe wíwòsàn. Kò sí oògùn kan tí a mọ̀ tí ń ṣí olóbi tí ó ti dí. Àwọn onímọ̀ gbìyànjú sildenafil, oògùn tí àwọn ọkùnrin mọ̀ fún iṣẹ́ mìíràn. Ní ọdún 1918 kọ́ ni, ní ọdún 2018 yìí ni wọ́n dá ìdánwò náà dúró ní ilẹ̀ Hóláǹdì, nítorí pé àrùn ẹ̀dọ̀fóró ń pa nínú àwọn ọmọ tí ìyá wọn lò ó. Ẹni tí ó bá wá ń ta àgúnmu tàbí oògùn inú ìgò fún aboyún pé yóò mú ọmọ tóbi, owó ni ó ń wá. Ohun tí dókítà lè ṣe ni kí ó ṣọ́ ọmọ náà, kí ó fún ìyá ní abẹ́rẹ́ tí yóò mú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ gbó, kí ó sì mú un jáde ní ọjọ́ tí ìta bá sàn fún un ju inú lọ. Ní ọjọ́ náà, a bẹ ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin ẹbí, ẹ má ṣe sọ pé ẹ fẹ́ lọ ṣe ìpàdé nílé fún ọ̀sẹ̀ kan.

Èyí tí ó wà ní ìkáwọ́ wa wà ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún. Kí aboyún sùn lábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn. Láti ọ̀sẹ̀ 13 lọ, kí ó máa gba oògùn tí gbogbo wa mọ̀ sí Fansidar ní kílíníkì, kí oṣù kan ó kéré tán wà láàárín ọ̀kan àti èkejì, kí ó sì tó ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó bí. Kí ó máa lo oògùn irin àti fólíìkì lójoojúmọ́, kí PCV rẹ̀ má ṣe wọ abẹ́ 33. Kí a máa wọn ìfúnpá rẹ̀ nígbàkígbà tí ó bá wá. Ẹni tí gìrì aboyún tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru ti bá fínra rí, dókítà lè fún un ní asipirín kékeré, ṣùgbọ́n kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 20 ni ó yẹ kí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ yọjú ní oṣù keje ti pàdánù ìyẹn. Wàrà, ẹ̀wà, ẹyin, ẹja àti ẹ̀fọ́ kò ṣọ̀wọ́n ní ọjà wa, wọ́n sì sàn fún ẹ̀jẹ̀ ju ohunkóhun tí a ń rọ sínú ìgò. Ní ti oṣù ààwẹ̀, àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ti là á sílẹ̀ pé aboyún tí ó bá ń bẹ̀rù fún ara rẹ̀ tàbí fún ọmọ inú rẹ̀ ní àyè láti ṣínu. A rọ ẹ̀yin àáfà wa kí ẹ tún un wí lórí mínbárì, nítorí pé ẹnu yín ni àwọn obìnrin ń retí rẹ̀.

Kì í ṣe àlá ni a ń lá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kelsey Harrison, tí ó ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lórí àìtó ẹ̀jẹ̀ aboyún ní Ìbàdàn, ṣe àkọsílẹ̀ ìbímọ 22,774 ní ilé ìwòsàn ní Sáríà láti ọdún 1976 dé 1979. Láàárín àwọn tí kò forúkọ sílẹ̀, tí wọ́n gbé dé nígbà tí ọ̀ràn ti bàjẹ́, ni ikú ti pọ̀ jù. Ní Sáríà kan náà, ní ilẹ̀ ọ̀dàn tí ó jọ tiwa, Alan Fleming àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún àwọn aboyún àkọ́bí ní oògùn ibà, irin àti fólíìkì, wọ́n sì kọ ọ́ ní ọdún 1986 pé àìtó ẹ̀jẹ̀ dín kù lára wọn.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Èrò tiwa ni pé kí ó kẹ́yìn. Ilé ìwòsàn ńlá tí ó ní iná àti ẹni tí ó mọ ìró náà kà ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ yẹ. Bí a bá gbé e lọ síbi tí kò sí méjèèjì, ohun ọ̀ṣọ́ ni yóò dà. Tépù tí télọ̀ fi ń wọn aṣọ ni kí a kọ́kọ́ rà. Láti ọ̀sẹ̀ 24 lọ, gíga ilé-ọmọ ní sẹ̀ǹtímítà máa ń súnmọ́ iye ọ̀sẹ̀ oyún. Bí ó bá fi mẹ́ta dín, kí nọ́ọ̀sì tètè kọ̀wé fún aboyún náà lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Lẹ́yìn tépù, ẹ̀rọ ìwọnfúnpá àti ẹ̀rọ tí a fi ń wo PCV. Lẹ́yìn ìyẹn, owó ọkọ̀ fún aboyún tí a bá ní kí ó ti Afọ̀n, Màlété tàbí Bódé-Sàádù wá sí Ilé Ìwòsàn Yunifásítì. Púpọ̀ nínú wọn gba ìwé náà, wọ́n sì ká a sí ìdí aṣọ nítorí pé kò sí owó ọkọ̀.

Ẹ má sì gbàgbé ọmọ náà lẹ́yìn tí a bá bí i. Ní Bogotá, ní ilẹ̀ Kòlóńbíà, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1978 sí í so ọmọ kékeré mọ́ àyà ìyá rẹ̀, ara kan ara, láti fi ooru ìyá ràn án lọ́wọ́. Nàìjíríà wà lára àwọn ilẹ̀ 5 tí a ti dán an wò láti ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọ, láìdúró kí ara rẹ̀ kọ́kọ́ le, èsì rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2021: nínú àwọn ọmọ tí wọ́n wọ̀n láti kìlógíráàmù 1 dé bíi 1.8, àwọn tí ó kú láàárín ọjọ́ 28 jẹ́ 120 nínú 1,000 níbi tí a ti so wọ́n mọ́ra láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì jẹ́ 157 níbi tí a ti kọ́kọ́ dúró. Aṣọ ni ohun èlò rẹ̀, ìlú ahunṣọ sì ni tiwa.

Bí ìgbìmọ̀ bá fọwọ́ sí i, a ó kọ orúkọ àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké tí kò ní ẹ̀rọ ìwọnfúnpá tí ń ṣiṣẹ́, láti Ajíkóbì dé Òkèlele àti àwọn abúlé tí ó yí wa ká, a ó sì fi lé akọ̀wé lọ́wọ́ kí ìpàdé tí ń bọ̀ tó dé, kí ẹni tí ó bá fẹ́ gba ọ̀kan ṣe, ìbáà wà nílé tàbí ní òkè òkun, lè mú orúkọ ibẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀.